Ta Ni Ọkùnrin Tó Jókòó Nínú Pósítà Mi?

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lọ. Onígbàjámọ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ẹni tó ń tún fáànù ṣe wà lósì, ariwo àwọn méjèèjì sì ń pàdé lórí ọkùnrin náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ya pósítà fún àwọn tó ń fi agbára káká ṣe fíìmù. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé kò sí ìbéèrè kan tí wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí tí kò dáhùn kí oníbèéèrè tó la ẹnu tán.

Ìyá Aránṣọ ló wọlé tọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣe fíìmù kan, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sì ṣeré inú rẹ̀, òun nìkan gíro. Ọmọ náà wà ní sinimá, ó ń so aṣọ funfun tí wọn yóò fi fíìmù hàn lójú rẹ̀ ní Sátidé mọ́ ògiri. Ó ti bẹ ìyá àgbà pé kó bá òun yẹ pósítà wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé láago méjìlá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

"Mo fẹ́ sọ pé o ò fún mi níbi tí màá jókòó sí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbá òkìtì ìwé kúrò lórí àpótí kan, ó fi ọwọ́ nù ún.

"Ẹ jókòó. Ẹ di àyà yín mú. Bí mo bá ṣí i báyìí, ẹ lè pariwo, kò sóhun tó burú. Àwọn kan máa ń sunkún."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ìyá Aránṣọ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ tuntun fún, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó tún na ọrùn wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà bóyá ibẹ̀ ni ojúlówó rẹ̀ wà.

"Ta ni àwọn obìnrin mẹ́rin yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Ẹ̀yin nìkan, lẹ́ẹ̀mẹrin. Òfin iṣẹ́ ni, Màmá. Pósítà tí orí inú rẹ̀ kò bá pé mẹ́rin, aráyé á ní àwọn òṣèré ló kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú fíìmù yín. Mo wá pín yín. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín rèé. Ẹ̀yin tó ń sunkún rèé. Ẹ̀yin tó ń fojú wo nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ rèé, nítorí pé ẹ fura."

"Ta ni mo fura sí?"

"Ìyẹn ni wọ́n á fi wá wo fíìmù."

"Ara mi dà?"

"Ara kẹ̀?"

"Orí ni mò ń rí. Kò sí ọrùn. Níbi tó yẹ kí ọrùn wà, èéfín ló wà níbẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Orí máa ń léfòó ni nínú pósítà."

"Ní àdúgbò tèmi, bí orí bá léfòó, ọlọ́pàá là ń pè."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ọmọ kékeré ni gbogbo ayé.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, Màmá. Ẹ wo apá ibí yìí. Ìdajì ojú yín pọ́n, ìdajì rẹ̀ dúdú bí aró. Ó wúni lórí, àbí?"

"Ó jọ ẹni tó sùn sórí páànù gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó wá lọ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sínú omi tútù. Kí ló sì ń jó lẹ́yìn mi yìí?"

"Ilé ni."

"Ilé ta?"

"Ilé ṣá ni, Màmá. Ilé gbọ́dọ̀ jó."

"Yàrá kan ṣoṣo la ti ṣe fíìmù yẹn. Yàrá ìránṣọ mi ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ báyìí, kò jó."

"Iná pósítà kì í jo nǹkan. Ó kàn ń mú ojú móoru ni."

"Ọmọ mi, aṣọ oníbàárà mọ́kàndínlógún ló wà nínú yàrá yẹn. Bí o bá lẹ iná yìí mọ́ ojú títì, kó tó di ọ̀sán gbogbo wọn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi, oníkálukú á ní kí n mú aṣọ òun wá, èyí tó jóná àti èyí tí kò jóná. Pa iná yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyá náà. Ó tẹ nǹkan lára kọ̀ǹpútà, iná kú. Èéfín ṣẹ́ kù.

"Kí ni orí kẹrin yìí mú dání?"

"Ìbọn."

"Orí tí kò lọ́rùn, ó wá lọ́wọ́?"

"Mo yá ọwọ́ náà láti ara pósítà mìíràn."

"Abájọ tí èékánná rẹ̀ fi pọ́n. Àlùmọ́gàjí ni mo mú nínú fíìmù."

"Àlùmọ́gàjí kì í dẹ́rù ba èèyàn, Màmá."

"O ò tíì gbé aṣọ tí o fẹ́ràn wá kí n gé e bàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n, dákun, ṣé o wo fíìmù yìí rárá?"

"Èmi kì í wo fíìmù."

"Tiwa yìí?"

"Tẹnikẹ́ni. Pósítà mọ́kànlélógójì ni mo ti yà, mi ò wo ìkankan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí mo bá wò ó, mo máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sì ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹnu mi ò ní gbà á mọ́ láti pọ́n ọn."

Ìyá Aránṣọ ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó na ìka sí òkè pósítà.

"Ewé wo lo fi yí ọ̀rọ̀ yìí ká bí ẹni fẹ́ dì í lọ sọ́nà jíjìn?"

"Ẹ̀yin náà rí i! Ewé ẹ̀yẹ ni. Fíìmù tó bá gba oyè ni wọ́n ń fún. Èyí àkọ́kọ́ ń wí pé: 'A Yàn Án.'"

"Ta ló yàn án?"

"Ẹni tó ni sinimá. Nígbà tó ní kí ẹ máa gbé e bọ̀, ṣé kò yàn án ni?"

"Èkejì ńkọ́?"

"'Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Péré.'"

"Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà kí wọ́n fi hàn."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo kọ, Màmá."

"Ẹ̀kẹta kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú."

"Ewé méjì kì í gún régé. Mẹ́ta ló ń dára lójú. Ẹni tó bá ń sáré kọjá kò ní mọ̀ pé òfìfo ni."

"Àwọn èèrà tó tò sí ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ni."

"Èmi ò mọ ìwé. Fi ti ọmọọmọ mi hàn mí, kí n fọwọ́ kàn án."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jìnnà sí i, ó fi ìka họ imú.

"Màmá, kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn. Ọlọ́run gan-an kì í kà á, Ó ní iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n kàn ń fẹ́ kí nǹkan wúruwùru wà níbẹ̀ ni. Orúkọ tí mo kọ sára pósítà àkọ́kọ́ tí mo yà, òun náà ni mo ń gbé kiri láti ọdún mẹ́sàn-án."

"Orúkọ ta ni?"

"Awakọ̀ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé iná dání. Ìyàwó ẹni tó gbé iná dání."

"Ṣé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà?"

"Awakọ̀ ti kú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Ó ń kú lọ, ó ń ṣe fíìmù bọ̀. Jẹ́ kó sinmi, ọmọ mi. Kọ orúkọ ọmọọmọ mi síbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awakọ̀ kúrò tìkanratìkanra. Ìyá Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín nínú, ó ti ń rò pé pósítà yìí ò ní burú jù bí wọ́n bá ń tú u lójú rírán kọ̀ọ̀kan bí agbádá tó fún. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àga kan wà níbẹ̀, àga onígi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pá márùn-ún. Ọkùnrin kan jókòó sórí rẹ̀, ó fi awò dúdú bojú, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìyá náà na ìka sí i.

"Ta nìyí?"

"Ọ̀tá ni."

"Ọ̀tá ta?"

"Ọ̀tá yín. Fíìmù tí kò bá ní ọ̀tá, kí ni wọ́n á wá wò?"

"Ó jọ ẹ́."

"Èmi ni." Ọ̀jọ̀gbọ́n fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú awò dúdú jáde, ó fi í sójú, ó sì ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ kí ó má bàa sí iyèméjì. "Kò sí ẹni tó ń gbà kí n fi òun ṣe ọ̀tá, Màmá. Mo wá fi ara mi jìn fún iṣẹ́. Inú gbogbo pósítà mọ́kànlélógójì ni mo wà, mi ò sí nínú fíìmù kan ṣoṣo. Àwọn ọmọdé máa ń sá fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan fún mi lọ́rùn ní ibùdókọ̀, ó ní kí n dá ọmọ tí mo jí gbé padà."

"Dìde lórí àga yẹn."

"Màmá, orí àpótí mi ni mo wà."

"Inú pósítà ni mò ń wí. Dìde níbẹ̀ kíá!"

Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ fi dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Níbo ni wọ́n máa lẹ pósítà yìí mọ́?"

"Gbogbo ìgboro. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, iwájú ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà ibùdókọ̀ látòkè délẹ̀."

"Ọ̀nà ibùdókọ̀ ni àbúrò mi ń gbé. Òun ló ni àga yẹn."

Ìyá Aránṣọ fi tépù rẹ̀ yí ìka, ó tú u, ó tún yí i.

"Àwa méjèèjì la jọ ń ránṣọ. Èmi ń gé, èmi ń fi máṣìnnì rán, òun ń ṣe ojú bọ́tìnì, orí àga kejì yẹn ló ń jókòó sí. Ogún ọdún ó lé. Ọkùnrin kan wá ń gbé ṣòkòtò wá fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ṣòkòtò kan náà ló ń ya lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀."

"Ṣòkòtò yẹn ò dáa."

"Ṣòkòtò náà dáa. Ọkùnrin yẹn ló ń ya á. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi wọlé, ó bá a lórí àga òun. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, àga mi ti rí olówó orí tuntun.' Kàkà kí n bú sẹ́rìn-ín, mo ní, 'Ṣé àga ni àbí ìtẹ́ ọba?' Ó gbé àpò rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ rèé."

"Ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Ó ti ń gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣé o wá rí i báyìí? Àbúrò mi náà ò mọ ìwé. Ohun tójú rẹ̀ bá rí lára ògiri ni ohun tó máa gbọ́. Bí ó bá jáde lọ́la, tó rí èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín lókè, tó wá rí ọkùnrin tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga òun nísàlẹ̀, ọdún mẹ́jọ mìíràn nìyẹn. Èmi ò sì ní ọdún mẹ́jọ mìíràn lápò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ara rẹ̀ nínú pósítà. Ó wò ó bí ẹni ń dágbére fún ọ̀rẹ́. Ó tẹ nǹkan kan, ọkùnrin náà pòórá, àga ṣófo.

"Màmá, ìṣòro wà o."

"Kí ni?"

"Àyè òfìfo kò sí nínú pósítà. Òfin tó le jù lọ nìyẹn. Bí ẹ bá fi àga sílẹ̀ láìsí èèyàn lórí rẹ̀, àwọn tó ń kọjá á ní ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ló kọ̀ tí kò wá."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Ó kọ̀, kò wá!"

"Hẹn?"

"Ohun tó wà nínú fíìmù náà nìyẹn. Mo jókòó sórí àga kìíní, mò ń ránṣọ, mò ń wo àga kejì."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo tún ń ránṣọ."

"Fún wákàtí mélòó?"

"Ọ̀kan àti ààbọ̀."

Lójijì ni ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n là, ó fi ọwọ́ lu itan.

"Mo ti mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi látàárọ̀? Ẹ̀yà kejì ni fíìmù yín! Fíìmù àwọn tó ń ronú! Òfin tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Wọn kì í lo iná, wọn kì í lo ìbọn, lẹ́tà wọn á kéré bí ẹyin iná orí. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìka rẹ̀ ń fò lórí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà. Ìyá Aránṣọ wo aago ara ògiri: aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yí kọ̀ǹpútà padà, pósítà náà pọ́n látòkè délẹ̀ bí ọsàn, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju obìnrin bíńtín kan tó kẹ̀yìn síta, ní igun, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Mo yọ orí kúrò, mo lẹ ẹ̀yìn obìnrin mìíràn sí i."

"Kí ló dé tí mo kẹ̀yìn?"

"Òfin ẹ̀yà kejì ni. Fíìmù tí kò bá ní ìbọn, wọ́n máa ń kẹ̀yìn síni nínú pósítà rẹ̀. Èèyàn á wá máa bi ara rẹ̀ pé, kí ni ẹni yìí ń wò?"

"Kí ni mò ń wò?"

"Ìgbésí ayé."

"Ògiri ni. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo gbé kọ́ síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ́ mi dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ni àbúrò mi ò rí mi. Ó wá yọ sójú títì láàárọ̀, ó rí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i?"

"Wọ́n á ní iṣẹ́ ọnà ni."

"Òun á ní ìwọ̀sí ni. Yí mi padà."

"Mi ò lè yí yín padà, Màmá. Bí ẹ bá yí padà, ojú obìnrin mìíràn la máa rí."

"Àwòrán tí ọmọọmọ mi gbé fún ọ dà? Odidi rẹ̀."

"Mo gé orí àti àga kan nínú rẹ̀. Mo da ìyókù nù."

"Lọ wá a níbi tó o dà á nù sí. Èmi náà ń wá inú èérún aṣọ bí mo bá gé nǹkan ṣì. Kì í ṣe ìtìjú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba lórí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ibi tí ó ń da àṣìṣe sí. Ó pọ̀. Ilẹ̀kùn tí kò ní ilé jáde, ẹṣin kan jáde, ọwọ́ mẹ́fà tí èékánná wọn pọ́n jáde. Àwòrán náà wá yọ nígbẹ̀yìn: yàrá kan, fèrèsé kan, àga méjì. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí ọ̀kan, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó ń wo iwájú tààrà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀ tó ń retí kí wọ́n kí òun ná.

"Ẹ wò ó, ọrùn yín ṣì wà," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tún fi bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

"Kí lo tún ń ṣe síwájú orí mi?"

"Mò ń lọ̀ ọ́ díẹ̀. Kó dán."

"Aṣọ là ń lọ̀. Dá ìlà mi padà. Èyí tó wà lókè yẹn, ọdún tí àbúrò mi lọ ló yọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọdún kejì tí mo rò pé á ti padà ni. Bí o bá nù wọ́n kúrò, ojú wo ni màá fi bá a sọ̀rọ̀?"

Ó dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá náà ń kà wọ́n fún un. Nígbà tí ó parí, ó sún sẹ́yìn. Kò sí iná, kò sí ọ̀tá, orí kan péré ló wà, orí náà sì wà lórí ọrùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúkú pe àbúrò yín lórí fóònù?"

Ìyá Aránṣọ wò ó bí ẹni tó ní kí òun wá máa rìn ní ìhòòhò.

"Kí n pè é, kí n wá wí pé kí ni?"

"Pé kó máa bọ̀."

"Èmi ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n."

"Wọn ò bí mi báyẹn. Ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò."

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣe odidi fíìmù."

"Fíìmù kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ ni."

"Wákàtí kan àti ààbọ̀ tí ẹ fi ń wo àga!"

"Mò ń ránṣọ nígbà yẹn! Ṣé o ò gbọ́?"

"Ẹ sì fẹ́ kí n lẹ ojú yín mọ́ gbogbo ògiri ọ̀nà ibùdókọ̀."

"Ìkéde ni. Gbogbo ayé là ń kéde fún. Bí àbúrò mi bá wà lára gbogbo ayé, ṣé ẹ̀bi mi ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí òfin kankan tó dáhùn èyí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó mú fóònù rẹ̀.

"Bí mo bá ya pósítà tán, mo máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn, kí wọ́n lè máa sọ ọ́ kiri. Ara ìkéde náà ni. Ṣé ẹ ní nọ́ńbà àbúrò yín?"

"Mi ò ní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni fóònù tó ń gba àwòrán, ọjọ́ sì ti pẹ́, mo ti gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló ka nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí.

"Ẹ tún un kà, Màmá."

"Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, méje ni, kì í ṣe mẹ́fà tí o tẹ̀ yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pósítà náà ránṣẹ́. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, àwọn méjèèjì sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ fi tépù rẹ̀ wọn tábìlì lóòró, ó wọ̀n ọ́n níbùú.

"Wọ́n ti ṣí i wò."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹnì kan ń kọ nǹkan. Ó tún pa á rẹ́."

"Tábìlì rẹ yìí wọ́."

Fóònù dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n nà án sí i. Ìyá náà gbà á bí ẹni gba ẹ̀rọ ìlọṣọ níbi tó gbóná, ó gbé e jìnnà sí etí, kò sì pọn dandan kó sún un mọ́ra, nítorí ohùn tó wà nínú rẹ̀ ti kún ṣọ́ọ̀bù.

"Ta nìyẹn?" ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí fóònù ti dún. "Èmi ni... Àga wo?... Mo mọ̀ pé tìẹ ni... Rárá, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ... Kí ni tìmùtìmù orí rẹ̀ ṣe ẹ́?... Ọkùnrin wo? Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀!" Ó yọ ojú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti awò dúdú bọ dúrọ́ọ̀. "Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ àga náà ń mì. Báwo ni màá ṣe tún un ṣe? Ṣé èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀ ni? Kò sí ẹni tó tíì jókòó síbẹ̀ láti ìgbà yẹn."

Ohùn inú fóònù wá rọlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n na etí títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá àgbà wí, ó sì dá fóònù padà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ta ló ní kí n gbé àga òun lọ síta fún aráyé wò. Ó ní tìmùtìmù yẹn burú. Ó ní mo rù."

"Ó bínú?"

"Ó bínú gidi gan-an ni," Ìyá Aránṣọ wí, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ sì ń tàn.

"Ṣé á wá wo fíìmù ní Sátidé?"

"Fíìmù kẹ̀? Ó ń bọ̀ wá bá mi jà. Nísinsìnyí. Ó ní òun ti wọ bàtà."

Ó ti dìde. Ó ti sọdá àpótí, òkìtì ìwé, àti ẹsẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Màmá! Aago méjìlá ti fẹ́ lù! Ṣé kí n gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé bẹ́ẹ̀? Ẹ ò tíì wo lẹ́tà rẹ̀, ẹ ò tíì wo àwọ̀ rẹ̀!"

"Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà," ìyá náà dáhùn látìta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yá ju ohùn rẹ̀ lọ. "Mo ti ilẹ̀kùn mi pa kí n tó wá síbí. Jẹ́ kí n sáré lọ ṣí i. Bí àbúrò mi bá bá a ní títì, á ní mi ò retí òun."